Ìwé Àbọ̀ Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí Bàbá Fúnmi Kà

Háà, Bàbá Fúnmi, ṣé bí ẹ ṣe lọ nìyẹn? Olówó orí mi, ó wá di gbére o! Mo ń sunkún bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìsìnkú yín, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ níwájú òkú, ìríra tó wà nínú mi ju ẹkún lọ.

Ayàwòrán àtàtà, ọmọ Ẹdẹ tòótọ́, ẹni tó ya ìkókó, tó ya ìyàwó, tó ya arúgbó láti ìgboro wa títí dé ìlú Awo. Ẹ kì í ya ẹni tó bá fajú ro. Ẹ ó ní, "Ìyá, ẹ rántí ọjọ́ tí bàbá kọ́kọ́ wá tọrọ yín," arúgbó á bú sẹ́rìn-ín, kámẹ́rà á sì dún.

Ẹ̀yin ará, gbogbo wa la mọ bí ayé ṣe rí lábẹ́ àwọn ṣọ́jà yìí. Fíìmù wọ́n bí ojú, bébà fọ́tò kò sí lọ́jà. Ẹgbẹ́ ayàwòrán wá pinnu láti ra kámẹ́rà kan tí gbogbo wọn yóò jọ máa lò. Alága ní àna òun ti kó irú rẹ̀ kan dé láti Jámánì, tí kì í lo fíìmù. Fọ́tò àti fídíò, orí téèpù kan náà ló ń gbà wọ́n sí. Lẹ́ńsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára ni, kò ṣeé yọ kí a fi òmíràn sí i, àmọ́ wọ́n ní ó ń rí tòsí, ó ń rí jíjìn. Ẹgbẹ́ ní kí ọkọ mi dán an wò, kí ó sì kọ àbọ̀ wá sí ìpàdé kí wọ́n tó rà á.

Ẹ wá wo ìwà àìnítìjú! Kí ó tó dán an wò tán, alága ti gbé kámẹ́rà náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé e síwájú pẹpẹ, àlùfáà gbàdúrà sí i, wọ́n jó, wọ́n dúpẹ́. Ìdúpẹ́ ohun tí wọn kò tíì rà!

Bàbá Fúnmi, ẹ̀yin ò bá wọn jó. Ẹ ní kí n wọ léèsì funfun kí n dúró nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ ní kí n wọ aṣọ dúdú kí n jókòó ní pálọ̀ tí a ti fa aṣọ bo fèrèsé rẹ̀. Ẹ tún ní kí n máa rìn bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kí n má wo kámẹ́rà. Ẹsẹ̀ ń ro mí, mo ń ráhùn. Ẹ ní, "Ìyá Fúnmi, fara balẹ̀, irun ìpéǹpéjú rẹ ni mo ń kà. Tí ìpéǹpéjú bá ti dà pọ̀, kámẹ́rà yẹn ń purọ́ ni."

Ẹ gbé téèpù lọ sí Òṣogbo kí wọ́n tẹ fọ́tò rẹ̀ jáde. Tinú oòrùn dára díẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, torí ẹ kì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ní pálọ̀, ojú mi dà bí ògì tí kò dì. Nígbà tí mo ń rìn, lẹ́ńsì ń wá mi kiri, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò rí mi mú. Ẹ wá kọ ọ́ pé: "Ó wúlò fún fídíò níta gbangba. Kò yẹ fún fọ́tò inú ilé. Kò yẹ fún inú ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Ẹ má rà á."

Alága kò jẹ́ kí ẹ kà á nípàdé. Ó ní, "Ohun tí a ti gbàdúrà sí, ta ni ìwọ tí o fẹ́ bẹnu àtẹ́ lù ú?" Wọ́n ní ẹ ń jowú, wọ́n rà á. Ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e lọ, ojú ìyàwó kò hàn níbì kankan nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé wọ́n wá bẹ̀ yín? Ó tì o! Wọ́n ní ẹnu yín ló ba kámẹ́rà jẹ́. Ṣíọ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn ń rí mi lára títí di òní.

Àwọn ènìyàn sì gbà wọ́n gbọ́! Àwọn oníbàárà wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba òdìkejì títì kọjá, wọ́n ní ẹlẹ́nu burúkú ni ọkọ mi. Nígbà tí ẹ lọ bá alága, ó ṣèlérí pé òun yóò tún ọ̀rọ̀ náà sọ nípàdé, kí orúkọ yín lè mọ́. Gbogbo ọjọ́ ìpàdé, ẹ ó lọ ẹ̀wù funfun yín, ẹ ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó máa retí kí wọ́n pè yín. Ẹnikẹ́ni ò wá. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n lọ bú wọn. Ẹ ní, "Má bú wọn. Kí wọ́n ṣáà ka ìwé mi." Ẹ dágbére fáyé láìgbọ́ kí wọ́n kà á.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, alága àti akọ̀wé rẹ̀ wọlé wá, wọ́n ń fi áńkáṣíìfù nu ojú tó gbẹ. Wọ́n tọrọ ojú ewé kan nínú ìwé ìsìnkú yìí láti fi pè yín ní òpómúléró ẹgbẹ́. Òpómúléró tí àwọn fúnra wọn wó! Mo ní kò burú.

Ẹ̀yin ará tó wá bá mi sin ọkọ mi, ẹ ṣí ojú ewé tó kàn, èyí tí wọ́n tọrọ nìyẹn. Ìwé àbọ̀ ọkọ mi ni mo ní kí atẹ̀wé tẹ̀ síbẹ̀, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Àlùfáà tó gbàdúrà sí kámẹ́rà náà ti gbà pé òun fúnra òun ni yóò kà á sókè, kí a tó gbé pósí jáde.

Bàbá Fúnmi, wọ́n á kà á lónìí, alága á sì jókòó gbọ́ ọ. Ẹ sùn re o, olóòótọ́ ọkọ mi.

Ìyàwó yín,
Ìyá Fúnmi