Kíláàsì Tó Wà Nínú Kíláàsì

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orúkọ ìlú Bathurst padà sí Banjul nígbà náà, ara mi ò sì balẹ̀ rárá. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé kan, mo ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti ilé wá ń ta aṣọ lọ́jà níbẹ̀, ní àdúgbò Dippa Kunda nítòsí Banjul, àmọ́ ọkàn mi wà lára ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí mi ò tíì fojú rí rí. Òyìnbó kan tá a jọ ń ṣe tíṣà ló fún mi ní ìwé nípa rẹ̀. Ó ní bí mo bá lè kọ pírógíráàmù kan tó ṣiṣẹ́, ìyẹn ìlànà tí ẹ̀rọ náà máa tẹ̀ lé, ilé ẹ̀kọ́ gíga tóun lọ nílùú àwọn lọ́hùn-ún á gbà mí. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní tirẹ̀: "Ẹni tó ń wá ìfà ń wá òfò. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wá dúró ti ṣọ́ọ̀bù." Ṣọ́ọ̀bù yẹn ń bà mí lẹ́rù ju ikú lọ.

Sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù ọjà sí ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, irú àwọn ńláńlá tó wà ní àdúgbò Kanifing. Mo kọ kíláàsì kan fún un, ìyẹn àwòṣe tí ẹ̀rọ máa fi mọ ohun tí sítọ́ọ̀ jẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo wá kọ kíláàsì mìíràn sínú rẹ̀ fún àpótí ẹrù. Ìwé náà ní èèyàn tún lè kọ òmíràn síbẹ̀ láìsọ ọ́ lórúkọ, bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré la fẹ́ lò ó. Èyí bí mi nínú. Ta ni í bímọ tí kì í sọ ọ́ lórúkọ? Mo sọ gbogbo wọn lórúkọ pátá, mo kó bébà mi fún òyìnbó nígbà tó ń lọ sílé fún ìsinmi, kó lè dán an wò lórí ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún, mo wá ń rìn káàkiri bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí.

"Jókòó, jàre," ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wí, tòun ti ife tíì atáyà rẹ̀ lọ́wọ́. "O ti fẹsẹ̀ rìn dé Èkó tán."

Òyìnbó dé, ó ní ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Láti inú kíláàsì sítọ́ọ̀, mo ti nawọ́ tààrà mú iye ẹrù tó wà nínú àpótí. Àpótí lè rí ohun tó jẹ́ ti sítọ́ọ̀, àmọ́ sítọ́ọ̀ ò lè rí ti inú àpótí, àfi kó mú àpótí kan pàtó, kó bi í. Mo jiyàn títí ojú mi fi pọ́n. Nílé wa, baálé ló ń wọ yàrá gbogbo ènìyàn láìkan ilẹ̀kùn. Ọmọ wo ló ń yọjú sí yàrá baálé? Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ń wọ yàrá mi nígbà tó bá wù ú, á tú ẹrù mi, á ní ta ló ra bàtà yìí. Bí mo ṣe mọ ilé ni mo ṣe kọ ọ́.

Mo tún un kọ. Òyìnbó tún gbé e lọ nígbà ìsinmi mìíràn, ó sì tún bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, láti ẹnu géètì ló ti ń rẹ́rìn-ín: ó ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti gbà mí. Mo fò sókè, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páànù.

Ẹ̀gbọ́n mi ò fò. Ó wọ yàrá mi bí ìṣe rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ẹrù tí mò ń dì. Mo ṣàlàyé àṣìṣe mi fún un kó lè rẹ́rìn-ín: sítọ́ọ̀ tó gbé àpótí sínú, tí ò sì rí inú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi," ó ní, "o mọ ibi tí mò ń kówó sí. O mọ àìsàn tó ń ṣe mí. O mọ ìdí tí ìyàwó mi fi padà sí Ìbàdàn. Èmi wá tú gbogbo ẹrù rẹ nínú yàrá yìí, mi ò sì mọ̀ pé ó ń wù ọ́ tó báyìí láti fi mí sílẹ̀."

"Ẹ ò bi mí rí, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó dun èmi náà.