Ẹ̀ẹ̀kan Sí I

Bí mo bá gbóòórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, pàápàá tí òórùn ìpara tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń ra itan bá dà pọ̀ mọ́ ọn, àyà mi ṣì máa ń já. Pápá ìdánrawò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Ìlọrin ni mo ti kọ́kọ́ gbóòórùn méjèèjì pọ̀, lọ́dún tí mo jáde ní yunifásítì ní Malété, tí wọ́n gbà mí pé kí n máa kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní eré sísá. Ìwé ló kún orí mi nígbà náà, ẹ̀rù ló kún inú mi.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń rò ó níbí: ẹni tó bá fẹ́ yára, kó máa sáré títí tí yóò fi bì. Ọ̀nà tèmi yàtọ̀. Ara tó ti rẹ̀ kì í kọ́ eré, ìfàlẹ̀ ló ń kọ́. Nítorí náà, n ó ní kí wọ́n sá ọgbọ̀n mítà pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, kí wọ́n rọra rìn padà, kí wọ́n sì jókòó ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko kí wọ́n tó tún sá. Lọ́jọ́ mìíràn, a ó so táyà mọ́ wọn ní ìbàdí kí ẹsẹ̀ wọn lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀. Aago tí mo fi ń wọn eré kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Ìgbà tó bá ti fi hàn pé ẹnì kan ti ń falẹ̀, iṣẹ́ onítọ̀hún parí lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wò wá láti orí àga òkè, géńdé mẹ́jọ tó jókòó sórí koríko ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló máa rí. Ohun tí alága ẹgbẹ́ rí nìyẹn. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ Ajé, kò tilẹ̀ pariwo. Ó ní, “Kóòṣì, ṣé ìjókòó la gbà yín fún ni? Iṣẹ́ mà loògùn ìṣẹ́. Mo ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí n rí òógùn.” Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún àkọ́bí wa. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, ibo ni n ó gbà?

Ẹni tó yára jù nínú wọn ni agbábọ́ọ̀lù apá ọ̀tún wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọmọ ìdílé àáfáà ní àárín ìlú. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn àlejò kan ń bọ̀ wá wò ó fún ẹgbẹ́ kan lókè òkun, gbogbo ilé wọn ló sì ń gbàdúrà sí i. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, alága jókòó sókè. Mo yọ ìsinmi kúrò. Wọ́n sá, wọ́n padà, wọ́n tún sá. Ní ìgbà karùn-ún, mo wo aago, mo rí i pé ọmọ náà ti falẹ̀. Ó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn itan rẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Mo gbójú sókè, mo rí alága tó ń mi orí tayọ̀tayọ̀, mo pa àtẹ́lẹwọ́ mi dé mọ́ aago náà, mo ní, “Ẹ̀ẹ̀kan sí i.”

Ó wò mí, ó ní, “Ó dáa, sà.” Kò tíì sá dé ìdajì tó fi di itan mú, tó ṣubú.

Iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ ló ya. Àwọn àlejò wá, wọ́n wo àwọn yòókù, wọ́n lọ. Alága ní kádàrá ni, èmi náà sì fara mọ́ kádàrá nítorí pé ó rọrùn. Àmọ́ oorun kọ̀ mí. Nígbà tí mi ò lè gbé e mọ́, mo lọ kí ọmọ náà nílé. Ìyá rẹ̀ ló gbà mí lálejò. Mo bẹ̀rẹ̀, mo kí i. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Kóòṣì. Ó ti sọ fún wa pé ẹ ní kóun sinmi, pé òun lòun ṣagídí.”

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí n ó fi ọwọ́ sí. Mo wo ọmọ náà lórí ẹní. Ó yíjú sí ògiri. Mo ní, “Àlàájà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, mo sì rí i. Èmi ni mo ní kó tún sá.”

Ìyá náà ní, “Mo ti mọ̀. Ọmọ yìí ò kọ ọ̀rọ̀ sí àgbà lẹ́nu rí láyé ẹ̀.”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ san lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n àwọn àlejò yẹn ò padà wá. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ohun tí ìwé kò kọ́ mi ni pé ẹni tí a tọ́ láti kékeré pé kì í jiyàn kò ní sọ fún ọ láé pé ó ti rẹ òun; bí o bá ní kó sá, yóò sá. Ẹni tó lẹ́nu láti sọ pé “sá” ló gbọ́dọ̀ láyà láti sọ pé “ó tó.” Èmi ò ní àyà yẹn lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló sì jìyà rẹ̀.