Fọ́ọ̀mù Mẹ́rin fún Ọ̀mùtí Kan

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá lójú títì márosẹ̀ tó lọ láti Lekki sí Ajah, ọ̀mùtí kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, bíírò ni. Fọ́ọ̀mù mẹ́rin ni a ń kọ lórí ẹnì kan ṣoṣo tó bá mutí wakọ̀, èmi sì ń kọ̀wé bí ẹni ń fi èékánná họ ògiri. Nítorí náà, bó bá ti rẹ̀ mí, màá lejú mọ́ ọ̀mùtí náà, màá wàásù fún un díẹ̀, màá ní kó máa rọra lọ. Aláàánú ni mo ń pe ara mi. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé ọjọ́ tí ọ̀gá bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Ìgbà tó yá, wọ́n fún wa ní fóònù tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni, tó sì ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ì báà jẹ́ Yorùbá tàbí òyìnbó. Ẹ bá mi yọ̀! Mo gbé e kọ́ àyà, mo ń yan kiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo dá jíìpù kan dúró níwájú VGC, ọgbà ilé àwọn olówó. Bàbá àgbà kan ló wà á, ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀ àdúgbò, ó ń bọ̀ láti etíkun Oníru. Ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ọtí wò, iná pupa tàn. Mo tẹ fóònù kó máa kọ.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ṣe máa mú àgbà láìkọ́kọ́ kí i? Mo tẹ̀ ba, mo kí i, mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọmọ.

Bàbá ní, "Officer, ọmọ mi lo jẹ́. Abeg, ṣe bí ẹni pé o ò rí mi."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ká ní ìwé ni mo fẹ́ fọwọ́ kọ bíi ti tẹ́lẹ̀ ni, ẹ̀ bá ti délé. Bí mo ṣe ń ṣe fáwọn tó kù náà nìyẹn. Fóònù ló dé yìí o."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mi ò ka ohun tí fóònù kọ kí n tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pè mí, ó kà á sókè. Ó ka ìyàwó, ó ka ọmọ, gbogbo ọ́fíìsì ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń bá wọn rín in. Ìgbà tó dé ibi "àwọn tó kù", ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wa.

Ó ní, "Mélòó lo ti fi sílẹ̀?"

Mo nawọ́ sí fóònù kí n fi dáhùn. Ó gbà á, ó gbé bíírò àti ìwé síwájú mi.

"Fọwọ́ kọ ọ́."

Mo jókòó tì í. Mo rántí obìnrin kan tó ń sọkún nídìí ọkọ̀. Mo rántí ọkùnrin kan tó kó ọmọ mẹ́ta sẹ́yìn, tí mo ní kó máa rọra lọ. Ojú tì mí. Ìlà méjì péré ni mo rí kọ:

"Sà, mi ò mọ iye wọn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n délé."