Ọ́ìlì Tó Ṣàn Bí Omi

Ẹ jẹ́ kí a yin káàdì ọ́ìlì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Káàdì pélébé, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, tí àwọn tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì máa ń so mọ́ inú ẹ́ńjìnnì kí ọlọ́kọ̀ lè rántí irú èyí tí wọ́n dà síbẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó padà wá. Ìwé ẹ̀rí ni. Àwa kan lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì kí a tó gba tiwa, a sì gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, níbi tó jẹ́ pé ọmọńlé nìkan ló ń kà á. Káàdì ọ́ìlì kò bèèrè ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní àdúgbò wa ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú, ó ti jáde kúrò nínú òkùnkùn ẹ́ńjìnnì, ó ti gòkè wá sára dígí iwájú awakọ̀, níbi tí àwọn mìíràn ń so tẹ̀sùbáà tàbí àgbélébùú mọ́. Ó ń mì síwá, ó ń mì sẹ́yìn, ó ń wí fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé olówó orí ọkọ̀ yìí kì í da ohun tó bá ṣáà ti rí sí i. Síńtẹ́tíìkì ni, ọ́ìlì ìgbàlódé tó fúyẹ́, tó sì wọ́n.

Ṣíámáànù ẹgbẹ́ àwọn onílé ló mú àṣà náà wọ àdúgbò. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ìdájí ló ń jáde lọ síṣẹ́ ní Èkó, kò sẹ́ni tó ń rí i. Ní Sátidé, yóò ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, yóò máa fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀sán, yóò sì máa bi ẹni tó bá kí i pé, "Èwo lẹ̀ ń dà sí tiyín?" Ohùn tí dókítà fi ń bi aláìsàn bóyá ó ti yàgbẹ́ láàárọ̀ ló fi ń bi wá.

Ìgbà yẹn gan-an ni èmi àti ìyàwó mi ra ọkọ̀ tuntun, tíà rọ́bà tí ẹnikẹ́ni kò lò rí, ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ igbó lọ ni mo sì ń tọ̀ láàárọ̀. Kùrukùru máa ń bo ilẹ̀ nígbà náà, títì á dà bíi pé ẹnì kan ń hun ún síwájú mi bí mo ṣe ń lọ. Ọ̀pẹ á yọ, á sì tún rá. Obìnrin kan tó ru agbọ̀n á fara hàn létí ọ̀nà bí ẹni pé inú kùrukùru yẹn ni wọ́n bí i sí, kí n tó wẹ̀yìn, ó ti padà síbi tó ti wá. Ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbàgbé pé èmi ni mò ń wakọ̀. Tí mo bá dé Ẹ̀pẹ́, òórùn ẹja yíyan á wọlé láti ojú fèrèsé, ìgbà náà ni n ó jí. N kò sùn, ṣùgbọ́n mo máa ń jí.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí àwòrán sípánà kékeré kan fi tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú mi lọ́jọ́ kan. Ó tó àkókò láti pààrọ̀ ọ́ìlì.

Mẹkáníìkì ìdílé wa jẹ́ bàbá àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ní ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìkòròdú. Láti Ọ̀ṣun ló ti wá nígbà tó ṣì lágbára. Òun ló tọ́jú ọkọ̀ bàbá mi títí bàbá mi fi kú, tí ọkọ̀ sì ṣì ń lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń jókòó lórí táyà níbẹ̀, tí oòrùn bá sì gba àárín ewé wọlé, ilẹ̀ tó ti mu ọ́ìlì yó á máa dán bí ojú omi. Àwọn káfíńtà a máa wá bu ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti lò tán, kí wọ́n fi kun pákó kí ikán má baà jẹ ẹ́. Mo rò nígbà náà pé ibẹ̀ ni gbogbo òkùnkùn ayé ti ń wá.

Ṣùgbọ́n ibi ìpààrọ̀ ọ́ìlì tuntun kan ti ṣí sí etí títì ńlá. Táìsì funfun ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wọ aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi nu ọwọ́ rí, oníbàárà á sì jókòó sínú atẹ́gùn tútù kí wọ́n tó fún un ní káàdì rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn oníbàárà Bàbá ń lọ. Ó ku bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ méjì àti èmi. Mo mọ̀ pé tí èmi náà bá lọ, kò ní sọ nǹkan kan. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Síbẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀, mo yà sí ibi funfun yẹn, mo mu tíì wọn, mo wo ara mi nínú táìsì ilẹ̀, ojú sì tì mí. Mo ní mo gbàgbé nǹkan sílé, mo sá jáde.

Ní Sátidé, mo gbé ọkọ̀ lọ bá Bàbá. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, ó fi ìka méjì pa á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó ti dúdú. Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì lásán, èyí tó ki, tó ti ń lò láti ayé bàbá mi, ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó dúró ná. Mo fi nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí ìdérí ẹ́ńjìnnì hàn án, mo ní síńtẹ́tíìkì ni wọ́n sọ, èyí tó fúyẹ́ jù lọ.

Ó ní òun mọ irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ́ìlì tó ń ṣàn bí omi, oòrùn Ìkòròdú yìí á lá a gbẹ.

Rẹwáyà kan, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, jókòó sórí àpótí nítòsí. "Bàbá, ẹ ṣe jẹ́jẹ́," ó ní. "Ọ̀mọ̀wé ló dé yìí. Tó bá yá, á ní kí ẹ máa fi ṣíbí dà á."

Dípò kí n rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe síńtẹ́tíìkì, bí ooru kì í tètè bà á jẹ́, bó ṣe ń pẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Ohùn tí mo lò, ohùn Ṣíámáànù ni. Bàbá ń nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí mo dákẹ́, ó bi mí pé:

"Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ máa lọ sí ọ̀hún ni?"

Kò sọ ibi tí ọ̀hún wà. Rẹwáyà gbójú sílẹ̀. Mo ní rárá, ẹ̀rí ọkàn mi sì ń mu tíì Ọjọ́bọ̀ lọ́wọ́.

Ó ní kí n mú ìwé àlàyé tó bá ọkọ̀ náà wá jáde, kí n kà á fún òun. Mo jókòó lórí táyà bí ti àtijọ́, mo ń kà, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ewé àgbálùmọ̀ ń já bọ́ sórí ìwé. Ó gbọ́ pé àyè tó wà láàárín irin àti irin nínú ẹ́ńjìnnì tuntun kò ju irun lọ. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó gbóná, èwo ló máa kọ́kọ́ dé òkè ẹ́ńjìnnì. Mo ní èyí tó fúyẹ́ ni.

Ó gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tó ki náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni mo ti ń tọ́jú látọjọ́ yìí," ó ní. "Àgbàlagbà ni wọ́n, irin wọn ti jẹ, ẹ̀kọ tó ki ni mò ń fún wọn, torí èyí tó ṣàn á jò dànù. Ọmọ ìkókó lo gbé wá. Wọn ò gbé ọmọ ìkókó wá bá mi rí."

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó gun ọ̀kadà lọ ra síńtẹ́tíìkì náà fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó fọkàn tán. Nígbà tó dé, ó wo ìdè ẹnu gálọ́ọ̀nù lójú oòrùn kó tó já a. Ó fa ọ́ìlì dúdú jáde tán, ó yọ fílítà tuntun nínú páálí rẹ̀, ó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó wá da síńtẹ́tíìkì náà. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó má dà bí àsọdùn, ṣùgbọ́n oòrùn wọnú ọ́ìlì yẹn, ó di okùn ìmọ́lẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìdún, a sì dúró yí i ká bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Nígbà tó tán, Bàbá fi ìṣó dá gálọ́ọ̀nù náà lu, kí àwọn tó ń ta ayédèrú má baà rí i rọ ìdọ̀tí sí.

Ó wá rọra bi mí pé kí ni wọ́n máa ń fún èèyàn níbẹ̀ yẹn. Mo ní káàdì ni.

Ó ya páálí fílítà, ó wá báírò, ó tẹ̀ ẹ́ lórí orúnkún, ó kọ̀wé gàdàgbà gàdàgbà: *Síńtẹ́tíìkì. Èmi ni mo dà á. Padà wá.* Ó lu ihò sí i, ó fi wáyà so ó mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, níbi tó yẹ kó wà, ó sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Mo ṣèlérí pé n ó padà, mo sì ń padà lọ títí di òní.

Mo wakọ̀ lọ sílé jẹ́jẹ́. Nígbà tó ku ilé díẹ̀ kí n dé ọ̀dọ̀ Ṣíámáànù, tó ṣì ń fọ ọkọ̀, mo dúró létí ọ̀nà, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tú páálí náà, mo so ó mọ́ dígí iwájú, mo sì yí ojú ibi tí wọ́n kọ̀wé sí síta. N kò ní àwáwí kankan. Èmi náà ṣe é.