Yàrá Tó Kángun sí Kànga

Fámílì! Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn. Ní Èkó, kò síbi téèyàn máa yà sí tí kò ní bá a níbẹ̀. Ilé fámílì, mítìn fámílì, fámílì ìyàwó tó ń bọ̀ wá jẹun, títí dé "fámílì sáìsì" ara agolo mílíìkì ńlá tí wọ́n ń tà ní Ìdúmàgbò.

Inú ilé fámílì kan ní Ẹnu Ọ̀wá ni wọ́n bí mi sí, nínú yàrá tó kángun sí kànga. Ibẹ̀ ni ìyá mi gbé títí tó fi kú, ibẹ̀ ni mo sì ń gbé. Arọ́ta ni wá. Láyé àtijọ́, ẹni tó kọ́ ilé náà ló fowó ra ìyá ìyá ìyá mi. Àwọn ọmọ onílé kì í sọ ọ́ lójú wa, torí èèwọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n là ń pè wọ́n, àbúrò ni wọ́n ń pè wá.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ wó ilé náà láti tún un kọ́. Olórí ẹbí pe mítìn sí àgbàlá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ń pín yàrá. Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Ìwọ, jókòó. Fámílì nìkan là ń pín in fún. Arọ́ta kì í ṣe fámílì."

Orí mi gbóná. Ìyá mi ló pọn ọkùnrin yìí dàgbà! Èmi ni mò ń wẹ ìyá rẹ̀ láràárọ̀ látìgbà tí ẹsẹ̀ ìyá ti kọṣẹ́, torí àwọn ọmọ ń sá fún òórùn ìtọ̀. Bí iṣẹ́ bá dé, ọmọ ilé ni wá. Bí ìpín bá dé, a di arọ́ta.

Mo yọ fóònù, mo wá ìtumọ̀ fámílì, mo sì kà á sókè. Èdè Látìn làwọn Òyìnbó ti mú un, láti ara orúkọ tí wọ́n ń pe ìránṣẹ́. Àwọn ẹrú inú ilé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń jẹ́ ẹ, kó tó di pé baálé àti àwọn ọmọ ẹ̀ nìkan gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wá bá wa nínú ẹ̀."

"Òyìnbó nìyẹn," ó ní. "Ẹnu Ọ̀wá lèyí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, kò gbèjà mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí mítìn parí, ìyá náà na ọwọ́ sí mi bó ṣe máa ń ṣe.

"Omi ti gbóná o," olórí ẹbí ní. "Lọ wẹ Màmá."

Mo wo ọwọ́ náà. Mo ní kí fámílì lọ wẹ̀ wọ́n.