Omi Tútù Ṣihata

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Tawab jẹ́, ẹ bi í ní ìbéèrè kan. Kò ní dá yín lóhùn, ìbéèrè méjì ni yóò fi dá a padà fún yín. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nílùú wa, Kafr Zarkun. Èmi ń lọ aṣọ, òun ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ omi tútù ṣe, n kò sì rántí òwúrọ̀ kan tó kí mi láìbéèrè ohun tí kò kàn án. "Garib, kí ló dé tí ọrùn ẹ̀wù àwọn tíṣà fi máa ń tètè gbó ju tàwọn alápatà lọ?" Mo ní ṣé èmi ni mo wọ̀ ọ́ gbó ni? Ọjọ́ kẹta ló padà wá sọ fún mi, tayọ̀tayọ̀, pé ṣọ́ọ̀kì ni. Wọ́n á kọ̀wé tán, wọ́n á fi ọwọ́ náà họ ọrùn.

Kuwait ló ti kọ́ṣẹ́. Ó fi ìka kan sílẹ̀ níbẹ̀, ó mú owó díẹ̀ bọ̀ wálé, ó fẹ́ Nagat, wọ́n bí ọmọbìnrin mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni tí èèyàn rẹ̀ bá kú nílùú wa, ọ̀dọ̀ Tawab ló ń bọ̀. A kì í pẹ́ sin òkú tán tí àwọn ọmọ yóò ti ra ẹ̀rọ omi tútù, wọn a gbé e sẹ́bàá ọ̀nà, wọn a kọ orúkọ olóògbé sí i lára. Ẹni tó bá mu níbẹ̀ á ṣe àdúà Fátíhà fún un. Sàráà tí kì í tán nìyẹn. Láádá rẹ̀ á máa lọ bá òkú nínú sàréè níwọ̀n ìgbà tí omi náà bá ṣì ń ṣàn.

Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń ṣàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti mú Tawab.

Lọ́dún tó kọjá, nínú ooru oṣù Ògọ́ọ̀sì, mo rí i tó gbé àpótí jókòó sódì kejì mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun àílà. Ẹ̀wà gbígbẹ kún àpò rẹ̀ ọ̀tún. Bí ẹnì kan bá ti mu omi, yóò mú hóró kan, yóò jù ú sápò òsì.

"Tawab, ṣé oko ẹ̀wà lo fẹ́ dá sínú ṣòkòtò ni?"

"Ẹ̀rọ omi mélòó ló wà níwájú mọ́sálásí yìí?"

"Mẹ́fà."

"Mélòó ló ń ṣiṣẹ́?"

Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá, n kò sì mọ̀. Mo lọ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì péré ló dáhùn. Mẹ́rin ti gbẹ, ológbò sì ti bímọ sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

"Èèyàn mọ́kànlá ló ti mu omi láti ìgbà tí mo ti jókòó," ni Tawab wí. "Mẹ́sàn-án nínú wọn, ilé wọn ló dojú kọ ẹ̀rọ náà yìí. Wọ́n ní fíríìjì nílé, Garib. Èmi ni mo máa ń tún un ṣe fún wọn." Ó nawọ́ sí àwọn ẹ̀rọ náà. "Mẹ́ta nínú mẹ́fà yìí, èmi ni mo tà á."

Ṣé ẹ rí i, kò sẹ́ni tí kò láàánú nínú wa. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ ni kò lẹ́ni tó ń tún un ṣe, nítorí pé orúkọ òkú ẹlòmíì ló wà lára rẹ̀. Ta ló máa náwó kí Fátíhà lè lọ bá bàbá onílé kejì? Tuntun ni kálukú ń rà, iwájú mọ́sálásí ni wọ́n sì ń gbé e sí, níbi tí gbogbo ayé á ti ka orúkọ náà lọ́jọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Tawab gbé àpótí rẹ̀ lọ sí gáréèjì àwọn bọ́ọ̀sì kékeré. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti kú. Àwọn èèyàn á dé ìdí rẹ̀, wọ́n á tẹ ẹ́, wọ́n á pòṣé, wọ́n á máa lọ. Ẹ̀wà tán lápò Tawab kí ìrun aláásárì tó tó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Alhaja Inṣira wá sí ṣọ́ọ̀bù Tawab. Oṣù Rajab ni Bayumi ọkọ rẹ̀ kú, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí. Alhaja ti ta ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà rẹ̀ méjèèjì. Ó fẹ́ ẹ̀rọ tó tóbi jù, ẹlẹ́nu mẹ́ta, pẹ̀lú òkúta dídán tí wọ́n fín orúkọ sí, níwájú mọ́sálásí.

"A ò bímọ, Tawab," ló wí. "Bí èmi náà bá kú, ta ló máa dá orúkọ Bayumi? Jẹ́ kí n rí ibi kọ ọ́ sí kí n tó lọ."

Èmi tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà, omi lé sí mi lójú. Mo rò pé Tawab á mú téèpù ìwọnlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ló tún yọ.

"Alhaja, níbo ni òùngbẹ ti máa ń gbẹ ọkọ yín?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀ ni."

"Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ni, níbo tún ni? Ní gáréèjì."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wo ibẹ̀."

Mo yọ áyọ́ọ̀nù mi kúrò lára iná, mo tẹ̀lé wọn. Ẹ má bi mí pé kí ni tèmi níbẹ̀.

A dé gáréèjì, Alhaja ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà: Ẹ ṣàdúà fún Ṣihata Ilwan. Ó fò sẹ́yìn bí ẹni tí àkekèé ta.

"Ṣihata! Kí n ta wúrà mi kí n fi tún orúkọ Ṣihata ṣe? Tawab, ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Gbogbo ìlú ló mọ ìjà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá kan, nígbà tí èrò pọ̀ bí eéṣú, ìtò dé orí Bayumi, òun ló kàn láti kó èrò, Ṣihata sì já síwájú rẹ̀, ó kó wọn lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń páàkì bọ́ọ̀sì sí. Ṣihata ló kọ́kọ́ kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, wọ́n bá iṣẹ́ lọ sí Dubai, kò sẹ́ni tó tún bojú wo ẹ̀yìn.

"Ẹ̀rọ yìí ò kú tán, Alhaja," ni Tawab wí. "Asẹ́ rẹ̀ ló dí, ẹ́ńjìnnì kékeré inú rẹ̀ ló jó. Díẹ̀ nínú owó yín ló máa jí i. Ìyókù á máa ra asẹ́ fún un lọ́dọọdún, títí ọdún méjìlá."

"Nígbà náà, kọ orúkọ Bayumi sí i." Kò tíì sọ ọ́ tán tó fi mirí. "Rárá. Sábẹ́ ti Ṣihata? Á jí dìde bá mi jà. Bá mi gbé tèmi sí iwájú mọ́sálásí, jàre."

Bàbá kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Abdin ni, dírẹ́bà àgbà, ó jókòó lórí táyà pẹ̀lú tíì lọ́wọ́.

"Alhaja, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Omi yìí ni Bayumi ń mu lójoojúmọ́ kí ẹ̀rọ yẹn tó bàjẹ́."

"Irọ́ ńlá! Ó ní ṣe ni òun ń ra omi."

"Rà kẹ̀? Á wọ̀tún, á wòsì, á bu ìgò rẹ̀ kún. Mo ká a mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. Ó ní, 'Abdin, pa ẹnu ẹ mọ́. Ó gba ìtò mi lọ́jọ́ Iléyá, omi rẹ̀ ni mo fi ń gbà á padà.'"

Mo rẹ́rìn-ín. Alhaja kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ Abdin.

"Ṣé ó máa ń ṣe Fátíhà?"

Abdin gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Kó tó mu ni, Alhaja. Kò sígbà tí kì í ṣe é. Mo máa ń rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bàjẹ́, ó gbá a lábàrá, ó ní, 'Ṣihata, o tún gbé ìṣe ẹ dé.' Síbẹ̀, ó dúró tì í fúngbà díẹ̀ kó tó lọ."

Alhaja jókòó sórí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó tún nù ún. Ó wá yíjú sí Tawab, ó ní, "Tún un ṣe."

"Orúkọ ńkọ́?"

"Fi orúkọ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀."

Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀bù, mo bú Tawab. Ẹ̀rọ ẹlẹ́nu mẹ́ta ló jẹ́ kó lọ yẹn, àkọ́bí rẹ̀ sì ti ń múra ìgbéyàwó. Ó gbọ́ mi dópin, ó wá bi mí pé ẹ̀wà mélòó ni mo rò pé ó máa tó òun ní gáréèjì báyìí. Lẹ́yìn náà ló lọ ń bẹ àwọn tó ni ẹ̀rọ mẹ́rin tó gbẹ níwájú mọ́sálásí. Ìdílé kan gbà kó gbé tiwọn lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin, òmíràn gbà kó gbé tiwọn lọ síbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì. Ìyàwó ilé kẹta fi bàtà lé e dé ìta. Ti ẹ̀kẹrin, a fi í sílẹ̀ fún ológbò.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tí Tawab ti tún ẹ̀rọ gáréèjì ṣe tán, bí Alhaja ṣe ń ti sàréè ọkọ rẹ̀ bọ̀, ó yà sí gáréèjì pẹ̀lú àkísà láti nu ẹ̀rọ náà. Mo wà níbẹ̀, mo gbé aṣọ tí mo lọ̀ wá fún dírẹ́bà kan. Sójà kan tó ń lọ lo ìsinmi nílé mu omi, ó ka orúkọ náà, ó ṣe Fátíhà.

"Kí Ọlọ́run kẹ́ Ṣihata."

"Àmín," ni Alhaja dáhùn.

"Ọkọ yín ni, Ìyá?"

Ó fún omi ara àkísà náà dànù. "Rárá o, ọmọ mi. Ọ̀tá ọkọ mi ni."

Sójà náà wò ó, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wò ó. "Kí lorúkọ ọkọ yín?"

"Bayumi."

Ó bu ife kejì, ó mu ún tán. "Kí Ọlọ́run kẹ́ Bayumi náà."

Alhaja kò lè ṣàmín. Abdin ló bá a ṣe é láti orí táyà rẹ̀, ó sì pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo gáréèjì fi yíjú sí wa.

Láti ọjọ́ náà, orúkọ méjì ni wọ́n ń dá nídìí omi yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀. Àwọn dírẹ́bà tuntun kò mọ ìtàn náà. Wọ́n rò pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Ṣihata àti Bayumi, Alhaja kò sì bá wọn jiyàn.