Yẹ̀kínnì Káfíńtà, Ẹni tó Ń Tọ́ Omi Wò fún Wa

Kò sí ẹni tó rán Yẹ̀kínnì níṣẹ́ omi. Káfíńtà ni, ayálégbé bíi tèmi, iwájú ilé wa ní Pápá Àjàó ló ti ń kan àga àti tábìlì, kò sì sí ẹni tó fún un ní kọ́bọ̀ nítorí odò. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bó bá ti kírun àsùbáà tán, á gbé abọ́ tánganran funfun rẹ̀, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí etí odò kékeré tí gbogbo àdúgbò ń pọn. Á bu omi sínú abọ́, á wo àwọ̀ rẹ̀, á gbé e símú, á wá fi ẹnu kàn án. Áfáà tó kọ́ ọ ní kéú nígbà tó wà lọ́mọdé ló sọ fún un pé bí àwọ̀ omi kò bá yí padà, tí òórùn rẹ̀ kò yí padà, tí ìtọ́wò rẹ̀ náà kò yí padà, omi náà mọ́, èèyàn lè fi ṣe àlùwàlá. Ohun tí Yẹ̀kínnì fi ń ṣọ́ odò fún wa nìyẹn.

Àwa obìnrin fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wolé-wolé Ọlọ́run la sọ ọ́, torí wolé-wolé ìjọba kì í dé ọ̀dọ̀ wa bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ mú. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi ni mo fún un lórúkọ náà. Síbẹ̀, bó bá ní ká má pọn, kò sẹ́ni tó máa ti korobá bọ odò. Nígbà tí àwọn mẹkáníìkì apá òkè da epo dúdú sómi, òun ló lọ bá wọn jà. Wọ́n fa ẹ̀wù ya mọ́ ọn lọ́rùn, ó tún padà lọ lọ́jọ́ kejì, títí wọ́n fi gbẹ́ kòtò fún epo wọn. Ó wúlò fún wa. Mi ò ní torí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n purọ́ mọ́ ọn.

Lọ́dún 1971, rédíò sọ pé àrùn onígbáméjì ti wọ Èkó, wọ́n ní ká máa se omi ká tó mu ún. Ẹ̀rọ omi títì ti dákẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, odò nìkan la ní. Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi: Shakirat, ọmọ ọdún mẹ́fà, àti Jẹ̀lílì tó ṣì ń mu ọmú. Mo ti gbé ìkòkò kaná, igi tutù, èéfín gba gbogbo ilé, mo bá lọ bi Yẹ̀kínnì bóyá kí n máa sè é lóòótọ́.

“Ìyá Shakirat,” ó ní, “mo wò ó láàárọ̀ yìí. Kò láwọ̀, kò rùn, ìtọ́wò rẹ̀ kò yí padà. Omi tó mọ́ ni. Kí lo tún fẹ́ sè lára rẹ̀?”

Ó bu ife kan, ó mu ún tán lójú mi. Ọkàn mi balẹ̀. Mo paná, mo bu omi náà fún ọmọ mi.

Lọ́jọ́ kẹta ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, àti èébì. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ojú Shakirat ti jìn sínú, awọ ìka rẹ̀ ti hunjọ bíi ti ìyá àgbà. Ó ń bèèrè omi, mo ń fún un. Omi odò yẹn náà ni mo ń fún un. Takisí gbé wa dé ọsibítù kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn sùn sílẹ̀ kítikìti níbẹ̀, Shakirat sì kú sí itan mi kó tó kàn wá. Ọmọ méjì míì kú ládùúgbò wa lọ́sẹ̀ náà. Yẹ̀kínnì tó mu nínú omi kan náà, inú kò tiẹ̀ run ún.

Ìgbà náà ni wolé-wolé ìjọba wá dé. Ó bu omi sínú ìgò, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Yaba, ó sì padà wá sọ fún wa pé ṣálángá tí onílé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ sétí odò lápá òkè ló ń jò sómi, ibẹ̀ ni àrùn náà ti wá. Yẹ̀kínnì béèrè pé ṣé kò yí àwọ̀ omi padà ni. Wolé-wolé ní rárá. Ṣé kò rùn? Kò rùn. Yẹ̀kínnì kò béèrè ẹ̀kẹta. Ó gba ọ̀dọ̀ áfáà lọ, áfáà sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé ti ìjọsìn ni òfin yẹn, pé kò sẹ́ni tó sọ pé ó ń dá àrùn mọ̀.

Wọ́n ní kí n gba kádàrá. Mo gbà á. Ṣùgbọ́n ẹnu Yẹ̀kínnì ni kádàrá gbà wọ ilé mi, mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Bí mo bá ń kọjá, á dá òòlù dúró, á wolẹ̀. Nígbà míì mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú rẹ̀ kó lè wolẹ̀. Ìkà ni mo ṣe, mo mọ̀.

Kò fi odò sílẹ̀. Ó lọ bẹ wolé-wolé, wọ́n fún un ní ìgò. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń bu omi sí i, á fẹsẹ̀ rìn dé Yaba, torí ó ń bẹ̀rù kí mọ́tò má lọ gbọ̀n ọ́n dànù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń sá lọ. Fàósátù ìyàwó rẹ̀ ń kùn, ó ní ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ìwé tó ń gbà bọ̀ kì í sọ ju pé omi kò dára. Àwọn ìwé yẹn náà ló ń kó lọ sí kánsù, títí wọ́n fi wá dí ṣálángá onílé náà pa.

Nígbà ẹ̀rùn ọdún 1974, ẹ̀rọ títì tún dákẹ́. Yẹ̀kínnì ti Yaba dé, ó bá wa létí odò pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Àwọn obìnrin bi í pé báwo ni. Ó rìn wá bá mi, ó na ìwé sí mi, torí ó mọ̀ pé mo ka ìwé mẹ́fà.

“Wọ́n ní ó ti mọ́,” ó ní. “Mi ò lè fẹnu mi sọ ọ́ fún wọn. Jọ̀ọ́, bá mi kà á.”

Mo kà á. Mo ní kí wọ́n pọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n sè é. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Yẹ̀kínnì, wọ́n ń pọn. Èmi ò lè ti korobá mi bọ odò yẹn; mo gbé e lófìfo, mo forí lé ẹ̀rọ kan tó jìnnà, tó ṣì ń yọ omi. Yẹ̀kínnì tẹ̀lé mi, ó gba korobá lọ́wọ́ mi. A lọ, a bọ̀. Mo ti dárí jì í lọ́jọ́ náà, ó kù kí n sọ fún un. Mo ní ó di ọ̀la. Ọdún méjì ni mo fi ń sọ pé ó di ọ̀la, inú ilé kan náà la sì jọ ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Fàósátù wá kanlẹ̀kùn mi pé Yẹ̀kínnì ti kú, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu mi.